Ra ilé àbí máa rẹ́ǹtì lọ? Bí ẹ ṣe lè mú bírò kẹ́ ẹ ṣírò ẹ̀ fúnra yín

Lẹ́tà ni wọ́n tì wọlé lábẹ́ ilẹ̀kùn wa láàárọ̀ Sátidé kan, rẹ́ǹtì tá à ń san ní 900,000 máa di 1.6 mílíọ̀nù tó bá fi máa di oṣù mẹ́ta sí i. Ìyàwó mi kà á tán, ó wojú mi, ó ní "A ti bá bàbá yìí kọ́lé ẹ̀ tán o, tiwa ńkọ́?" Kílẹ̀ ọjọ́ yẹn tó ṣú ẹ̀gbọ́n mi ti pè, wọ́n ní ṣebí àwọn ti ń sọ ọ́ tipẹ́, owó rẹ́ǹtì owó tó bọ́ sódò ni, ẹni tó ti lé lógójì ọdún tó ṣì ń gba lẹ́tà lábẹ́ ilẹ̀kùn, kí ló fẹ́ wí fáwọn ọmọ ẹ̀. Àbúrò mi obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì ní tiẹ̀ ní ká má dá ẹnikẹ́ni lóhùn jàre, ká máa rẹ́ǹtì lọ, ká kó owó wa sí T-bills, ìyẹn owó téèyàn ń yá ìjọba fúngbà díẹ̀ kó lè gba èlé, ṣé ilé máa sá lọ ni. Mo gbọ́ ti ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́ ti àbúrò, kò sí ìkankan nínú wọn tó mú bírò.

Bí àwa ṣe mú bírò àti ìwé olójú-ewé ogójì ọmọ wa ni mo fẹ́ ṣàlàyé síbí. Apá Èkó àti Ògùn ni mo mọ̀ dáadáa, ibẹ̀ ni màá ti máa mú àpẹẹrẹ, ẹni tó bá wà n'Íbàdàn tàbí Àkúrẹ́ kó fi owó tiẹ̀ rọ́pò, bákan náà ni wọ́n ṣe ń ṣírò ẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tẹ́ ẹ̀ ń yàn láàárín ẹ̀

Wọ́n máa ń sọ ọ́ bí ẹni pé ọ̀nà méjì ló wà, rà á àbí rẹ́ǹtì. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, mẹ́ta ni. Ẹ lè ra ilé tó ti parí kẹ́ ẹ kó wọlé. Ẹ lè ra ilẹ̀ kẹ́ ẹ máa kọ́ ọ díẹ̀díẹ̀, búlọ́ọ̀kù lọ́dún yìí, páànù lọ́dún tó ń bọ̀, èyí ló sì pọ̀ jù nínú ohun táwọn èèyàn wa ń ṣe. Tàbí kẹ́ ẹ máa rẹ́ǹtì lọ, kí owó tó kù máa ṣiṣẹ́ níbòmíì. Ẹ má da àkọ́kọ́ pọ̀ mọ́ ìkejì o, ẹni tó ń kọ́lé díẹ̀díẹ̀ ṣì ń san rẹ́ǹtì títí ọjọ́ tó máa kó wọlé, tó bá gbà á ní ọdún mẹ́jọ, ọdún mẹ́jọ ló fi ń tọ́jú lánlọ́ọ̀dù àti bíríkìlà pọ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ kọ iye ọdún tẹ́ ẹ rò pé ẹ máa lò ní ìlú yẹn sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì kọ òótọ́. Tẹ́ ẹ bá ń wá físà lábẹ́lẹ̀, tàbí tí ibi iṣẹ́ yín lè gbé yín lọ sí Àbújá nígbàkigbà, tí ọdún márùn-ún ò sì dá yín lójú, ẹ máa rẹ́ǹtì, ẹ fò lọ sí ìgbésẹ̀ 5. Owó lọ́yà, owó éjẹ́ǹtì àti owó ìwé tẹ́ ẹ máa san lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá rà á, àti òmíì lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá tà á, ọdún méjì mẹ́ta ò lè gbé e.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ fi rẹ́ǹtì ọdún kan pín owó ilé

Èyí ò gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Ilé tó jọ èyí tẹ́ ẹ̀ ń gbé, ní àdúgbò kan náà, èló ni wọ́n ń tà á? Mo pe éjẹ́ǹtì tó bá wa wá ilé wa, mo ṣe bí ẹni tó fẹ́ rà, ó ní fúláàtì oníyàrá mẹ́ta kan wà ní àdúgbò kejì sí wa, 48 mílíọ̀nù, ó ní wọn ò ní gba kọ́bọ̀ dín. Ẹ fi 1.6 mílíọ̀nù pín in, 30 ló máa fún yín. Ìyẹn ni pé tí mo bá kó owó yẹn sílẹ̀ lónìí, rẹ́ǹtì ọgbọ̀n ọdún ni mo san lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Èrò tèmi ni pé tó bá ti lé ní 20, kẹ́ ẹ rọra. Tó bá wà lábẹ́ 15, ẹ fà á mọ́ra, ẹ má jẹ́ kẹ́nì kan gba ibẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́. Àárín 15 sí 20, ìgbésẹ̀ tó kàn ló máa sọ.

Ìgbésẹ̀ 3: Ìṣirò gan-an

Ibí ni kẹ́ ẹ ti gba ìwé olójú-ewé ogójì yẹn. Ẹ fa ìlà sáàárín ojú ewé, ilé lápá ọ̀tún, rẹ́ǹtì lápá òsì.

Lápá ọ̀tún, ẹ má kọ 48 mílíọ̀nù nìkan. Owó lọ́yà wà níbẹ̀, ti éjẹ́ǹtì wà níbẹ̀, owó ìwé lọ́dọ̀ ìjọba wà níbẹ̀ torí láti ìgbà tí òfin ilẹ̀ ti 1978 ti fi gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sábẹ́ gómìnà, ẹni tó bá ra ilé tó ní C of O, ìyẹn ìwé ẹ̀rí onílẹ̀ látọ̀dọ̀ ìjọba, ó gbọ́dọ̀ gba ìyọ̀ǹda gómìnà kí ìwé tó lè di tiẹ̀. Mo fi 10% kún gbogbo ẹ̀, ó di 52.8 mílíọ̀nù. Ilé tún ń jẹun lọ́dọọdún: òrùlé ń jò, ẹ̀rọ omi ń bàjẹ́, ọ̀dà ń ṣá, mo kọ 480,000 sí àtúnṣe, mo kọ 120,000 sí Land Use Charge tí ìjọba ń gbà lórí ilé àti owó ẹgbẹ́ àwọn lánlọ́ọ̀dù àdúgbò. 600,000 nìyẹn. Àǹfààní tí ilé yẹn ń ṣe fún mi lọ́dún ni 1.6 mílíọ̀nù tí mi ò san fún lánlọ́ọ̀dù mọ́, tí mo bá yọ 600,000 kúrò níbẹ̀ ó ku mílíọ̀nù kan géérégé.

Lápá òsì, ká ní mo ní 52.8 mílíọ̀nù yẹn lọ́wọ́ tí mi ò sì ra ilé. Ká mú èlé 16% lọ́dún, tiyín lè ju bẹ́ẹ̀ lọ tàbí kó má tó o, ẹ wo iye tí wọ́n ń san lọ́sẹ̀ tẹ́ ẹ bá ń ka èyí. 8.448 mílíọ̀nù ni èlé ẹ̀. Ìjọba máa yọ 10% nínú èlé T-bills, ó ku nǹkan bíi 7.6 mílíọ̀nù.

Ó yá, 7.6 lápá òsì, mílíọ̀nù kan lápá ọ̀tún. Ìyàtọ̀ ẹ̀ jẹ́ 6.6 mílíọ̀nù. Kí ilé yẹn tó lè bá T-bills dọ́gba, owó tí wọ́n lè tà á gbọ́dọ̀ fi 6.6 mílíọ̀nù gòkè lọ́dún àkọ́kọ́, ìyẹn ni pé bíi 14% nínú 48 mílíọ̀nù. Tẹ́ ẹ bá rò pé ilé àdúgbò yín ń gòkè jù 14% lọ lọ́dọọdún, ẹ ra ilé. Tẹ́ ẹ bá rò pé kò tó bẹ́ẹ̀, rẹ́ǹtì ló pé yín. Gbogbo àríyànjiyàn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi, orí 14% yìí ló dá lé, àwọn fúnra wọn ò sì mọ̀.

Ìgbà tí mo débí ni mo wá rí i pé náírà là ń jiyàn lé lórí. Ní June 2023 kí ìjọba tó jọ̀wọ́ náírà kí ọjà máa pinnu iye ẹ̀, dọ́là kan ò tó 500 náírà lọ́dọ̀ ìjọba, ọdún tó tẹ̀ lé e kò parí tó fi lé ní 1,500. Ní February 2024 àpò sìmẹ́ńtì kan kọjá 10,000 ní ibi púpọ̀, ó dìgbà tí ìjọba pe àwọn tó ń ṣe é jókòó kí wọ́n tó gbà láti mú un wá sí 7,000 sí 8,000. Ẹni tó ti ra búlọ́ọ̀kù ẹ̀ sílẹ̀ ní 2021 ń rẹ́rìn-ín, ẹni tó kó gbogbo owó ẹ̀ sí èlé náírà, èlé ń wọlé fún un lóòótọ́ ṣùgbọ́n owó yẹn ò lè ra iye ilé tó lè rà tẹ́lẹ̀ mọ́. Lọ́dún tí náírà bá wá jókòó jẹ́ẹ́, ilé náà á jókòó jẹ́ẹ́, ẹni tó fẹ́ tà á lè fi oṣù mẹ́rìnlá wá ẹni tó máa rà. Nítorí náà ẹni tó máa rẹ́ǹtì ò gbọ́dọ̀ kó gbogbo ẹyin ẹ̀ sínú agbọ̀n náírà, màá débẹ̀.

Ẹ tún wo apá rẹ́ǹtì dáadáa kẹ́ ẹ má bàa rẹ́ ara yín jẹ. Ẹni tó ń kó láti ilé kan bọ́ sí òmíì lọ́dún méjì méjì, rẹ́ǹtì nìkan kọ́ ló ń san. Ègíríméǹtì 10%, kọ́míṣọ̀n éjẹ́ǹtì 10%, kọ́ṣọ̀n, owó ọkọ̀ akẹ́rù, kọ́tìnnì tí kò bá wíńdò tuntun mu. 20% tẹ́ ẹ san lọ́dún méjì méjì, bíi pé rẹ́ǹtì yín fi 10% ju ohun tẹ́ ẹ rò lọ ni. Ẹni tó bá máa rẹ́ǹtì kó wá ibì kan jókòó sí, kó má máa sá kiri.

Ìgbésẹ̀ 4: Tó bá jẹ́ owó yíyá lẹ fẹ́ fi rà á

Díẹ̀ nínú wa ló ní 48 mílíọ̀nù, ẹ jẹ́ ká má parọ́. Ẹ wo bí èlé ṣe ń jẹ èèyàn. 15 mílíọ̀nù tẹ́ ẹ yá lọ́wọ́ Federal Mortgage Bank, báńkì ìjọba tó ń yáni lówó ilé, ní 6% fún ogún ọdún, nǹkan bíi 107,500 lẹ máa san lóṣù. 15 mílíọ̀nù kan náà ní 25% lọ́wọ́ báńkì tó ń ṣòwò ẹ̀, fún ogún ọdún kan náà, ó máa tó 315,000 lóṣù. Ilé kan náà, ogún ọdún kan náà. Tí wọn ò bá fún yín ní èyí tó kéré yẹn, mi ò ní gbà yín nímọ̀ràn kẹ́ ẹ lọ gba èyí tó tóbi.

Láti rí ti 6% yẹn ẹ gbọ́dọ̀ máa san National Housing Fund, àpò owó ilé tí ìjọba dá sílẹ̀, 2.5% nínú owó oṣù, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba ni wọ́n ti ń yọ ọ́ lọ́wọ́ wọn láti ọdún gbọọrọ, wọn ò sì béèrè rí. Ẹ wo páyísílípì yín. Owó ìfẹ̀yìntì náà tún wà níbẹ̀, láti 2022 ni PenCom, àjọ ìjọba tó ń bójú tó owó ìfẹ̀yìntì, ti gbà kéèyàn lè mú tó 25% nínú owó tó wà nínú RSA ẹ̀, ìyẹn àkáǹtì ìfẹ̀yìntì ẹ̀, láti fi san owó ìbẹ̀rẹ̀ mọ́géèjì, ìyẹn owó yíyá téèyàn fi ń ra ilé, tí ẹ̀yin àti ọ̀gá yín bá ti jọ san án tó oṣù 60, tó sì ku ju ọdún mẹ́ta lọ kẹ́ ẹ fẹ̀yìn tì. Ìjọba Èkó náà ní ètò rẹ́ǹtì-di-onílé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní 2016, 5% lẹ kọ́kọ́ máa san, ìyókù sì máa gba ọdún mẹ́wàá. Ilé ibẹ̀ ò pọ̀, èèyàn ibẹ̀ ló pọ̀.

Ìgbésẹ̀ 5: Ibi tí owó tó kù máa wà

Ẹni tó bá ní òun fẹ́ rẹ́ǹtì kóun máa dókòwò, ẹ bi í pé níbo? Tó bá ní "màá máa tọ́jú ẹ̀ sí àkáǹtì", ẹ sọ fún un kó lọ ra ilẹ̀.

Èyí tó rọrùn jù láti fi bẹ̀rẹ̀ ni FGN Savings Bond, owó tẹ́ ẹ yá ìjọba àpapọ̀ ni. Oṣooṣù ni DMO, ọ́fíìsì ìjọba tó ń bójú tó gbèsè, ń kéde ẹ̀, ti ọdún méjì àti ti ọdún mẹ́ta, 5,000 náírà péré lẹ lè fi bẹ̀rẹ̀, oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n ń san èlé ẹ̀ sínú àkáǹtì yín. T-bills wà fẹ́ni tó fẹ́ oṣù mẹ́ta, oṣù mẹ́fà tàbí ọdún kan. Money market fund, níbi tí ilé iṣẹ́ kan ti ń kó owó ọ̀pọ̀ èèyàn pọ̀ sí ìdókòwò ọlọ́jọ́ kúkúrú, dáa fún owó tẹ́ ẹ lè nílò lójijì, torí ẹ lè yọ ọ́ láàárín ọjọ́ mélòó kan, owó rẹ́ǹtì ọdún tó ń bọ̀ gan-an, ibẹ̀ lèmi ń kó o jọ sí. Ìdókòwò tó wà ní dọ́là tún wà, ìyẹn ló máa gbà yín lọ́jọ́ tí náírà bá tún yọ̀ ṣubú. Ṣíà náà ńkọ́? Ọjà ṣíà Nàìjíríà gòkè ju 45% lọ ní 2023 àti ju 37% lọ ní 2024, ẹnu àwọn èèyàn wá ń dùn, ṣùgbọ́n ẹ bi àwọn bàbá wa tó ra ṣíà báńkì ní 2008. Íńdẹ́ẹ̀sì, ìyẹn òṣùwọ̀n gbogbo ọjà ṣíà náà, tó wà lókè 66,000 ní March ọdún yẹn, kò ju ọdún kan lọ tí ìdá méjì nínú mẹ́ta ẹ̀ fi lọ. Owó tẹ́ ẹ ò ní fọwọ́ kàn fún ọdún mẹ́wàá lẹ lè kó síbẹ̀.

Ẹni tó bá sì sọ fún yín pé òun á sọ owó yín di méjì láàárín oṣù kan, ẹ dìde níbẹ̀. MMM, ètò sọwó-di-púpọ̀ ìgbà yẹn, ti ilẹ̀kùn ní December 2016, CBEX náà ṣe tiẹ̀ ní April 2025, àwọn èèyàn bínú wọ ọ́fíìsì wọn n'Íbàdàn wọ́n ń gbé àga. Ẹ wo orúkọ ilé iṣẹ́ lórí ìkànnì SEC, àjọ ìjọba tó ń ṣọ́ ọjà ìdókòwò, kẹ́ ẹ tó fi náírà kan sílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ dán ara yín wò fún oṣù mẹ́fà

Ìgbésẹ̀ yìí ni ò sí ẹni tó sọ ọ́ fún wa, òun ló sì ṣe pàtàkì jù lójú mi. Ìṣirò tó wà lókè yẹn gbà pé ẹni tó ń rẹ́ǹtì máa kó owó tó kù pa mọ́ lóòótọ́, láìyẹ̀. Ṣé ẹ lè ṣe é? Ẹ mú iye tẹ́ ẹ rò pé ẹ lè máa fi kọ́lé lóṣù, ká ní 150,000, ẹ máa kó o sí ìdókòwò lọ́jọ́ tí owó oṣù bá wọlé, kì í ṣe lọ́jọ́ kejì, oṣù mẹ́fà gbáko. Lóṣù kẹfà ẹ lọ ka iye tó wà níbẹ̀.

Tiwa rèé. Oṣù kìíní pé. Oṣù kejì, ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ń ṣègbéyàwó, aṣọ ẹbí ti ọkọ, ti ìyàwó, ti ọmọ méjì, mo ní màá dá a padà. Oṣù kẹta mo dá ìdajì padà. Oṣù kẹrin, owó ilé ìwé. Oṣù karùn-ún ìyàwó mi san tiẹ̀ pé, mo sì wá ọ̀nà láti fi tèmi ra bátìrì ínfátà. Nínú 900,000 tó yẹ kó wà níbẹ̀, 410,000 la bá. A wo ara wa, a rẹ́rìn-ín, torí lákòókò yẹn kan náà, owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù níbi iṣẹ́ mi, 40,000 lóṣù tí wọ́n ń yọ kówó oṣù tó dé ọwọ́ mi, kò sí oṣù kan tó yẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ èèyàn tó kọ́lé fi dà bí ọlọ́gbọ́n lójú wa, ilé kì í fi bẹ́ẹ̀ san ju ìdókòwò lọ lórí ìwé, ṣùgbọ́n ẹ ò lè yọ búlọ́ọ̀kù mẹ́rin lára ògiri lọ fi ra aṣọ ẹbí. Tẹ́ ẹ bá yege nínú oṣù mẹ́fà yẹn, rẹ́ǹtì pẹ̀lú ìdókòwò lè jẹ́ tiyín. Tẹ́ ẹ bá kùnà bíi tiwa, ọ̀nà méjì ló kù: kẹ́ ẹ jẹ́ kí báńkì tàbí alájẹṣẹ́kù máa yọ ọ́ kẹ́ ẹ tó rí i, tàbí kẹ́ ẹ sọ owó náà di ilẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 7: Tó bá di ọ̀rọ̀ ilẹ̀

Lọ́dọ̀ tiwa, a ní ká wá ilẹ̀ kan sọ́nà Mowe. Ọkùnrin tó mú wa lọ wọ aṣọ funfun, ó mọ gbogbo èèyàn, ó ń kí wọn lọ ń kí wọn bọ̀, ó ní ìdajì pulọ́ọ̀tì kan ṣoṣo ló kù, ẹnì kan ti fẹ́ sanwó lọ́la. Ìyàwó mi ní kó fún wa ní ẹ̀dà sọ́fè ẹ̀, ìyẹn àwòrán tó ń fi ojú ibi tí ilẹ̀ wà gan-an hàn. Ó kọ́kọ́ fajú ro, ó wá fún wa. A gbé e fún ẹni tó mọ iṣẹ́ sọ́fè, ó fi nọ́ńbà tó wà lára ẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò ní ọ́fíìsì Surveyor General, ilẹ̀ tí ìjọba ti gbà fún iṣẹ́ ni. Owó tó gbà lọ́wọ́ wa nìkan ló bá ibẹ̀ lọ. Látọjọ́ yẹn ìyàwó mi ni alága ìgbìmọ̀ ilẹ̀ ilé wa.

Bí ẹ ṣe máa ṣe é nìyí o. Sọ́fè ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbà, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó bọ́ sínú ilẹ̀ ìjọba, bóyá lábẹ́ wáyà iná ńlá, bóyá sójú ọ̀nà omi. Ẹ rántí ọ̀nà etíkun Èkó sí Calabar ní 2024, àwọn tó ní ilé sí ojú ọ̀nà ẹ̀, àmì pupa ni wọ́n jí rí lára ògiri. Lẹ́yìn sọ́fè, lọ́yà yín, kì í ṣe lọ́yà ẹni tó ń tà á, kó lọ wo ìwé ní ibi tí wọ́n ń kọ orúkọ ilẹ̀ sí, ní Aláùsá tó bá jẹ́ Èkó. Tó bá jẹ́ ilẹ̀ ẹbí, olórí ẹbí àti àwọn àgbà ìdílé gbọ́dọ̀ jọ fọwọ́ sí i, tí olórí ẹbí ò bá sí níbẹ̀ rárá, títà yẹn ò fẹsẹ̀ múlẹ̀ rárá, tó bá sì jẹ́ òun nìkan ló tà á láìsọ fáwọn àgbà yòókù, wọ́n lè lọ ilé ẹjọ́ kí wọ́n fagi lé e. Ẹnì kan ṣoṣo ò tó o. Ẹ ya fọ́tò wọn níbi tí wọ́n ti ń fọwọ́ sí i.

Owó ọmọ onílẹ̀ náà, ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó sanwó ilẹ̀: ti fandéṣọ̀n, ti dẹ́kìn, ti òrùlé. Lóòótọ́ Èkó ti ṣòfin lórí ẹ̀ ní 2016, ṣùgbọ́n òfin ò sí ní sáìtì láàárọ̀ tí wọ́n bá gbé igi dí ọ̀nà tìpá tó kó yanrìn yín. Ẹ kọ iye tí wọ́n máa gbà sínú ìwé.

Tó bá sì jẹ́ ilé tí wọn ò tíì kọ́ lẹ fẹ́ máa san díẹ̀díẹ̀ fún, tí wọ́n kàn ya àwòrán ẹ̀ tó dán gbinrin lé bébà, ẹ lọ wò bóyá LASRERA, àjọ ìjọba Èkó tó ń bójú tó òwò ilé àti ilẹ̀, mọ ilé iṣẹ́ náà.

Ìgbésẹ̀ 8: Ọ̀nà ibi iṣẹ́

Kíákíá ni màá sọ èyí. Ilẹ̀ tó jìn dín owó, ọkọ̀ ló ń gba owó yẹn padà. 4,000 lọ àti bọ̀ lójúmọ́, ọjọ́ 22 lóṣù, ó lé ní mílíọ̀nù kan lọ́dún, a ò tíì ka ti ìyàwó, a ò tíì ka wákàtí mẹ́rin tẹ́ ẹ lò nínú gòsíló Lagos-Ìbàdàn. Mo mọ ọkùnrin mẹ́ta tó kọ́lé sọ́nà ibẹ̀ tí wọ́n fi rẹ́ǹtì fáwọn ẹlòmíì tí àwọn fúnra wọn ṣì ń rẹ́ǹtì l'Ógbà. Kò burú, ìyẹn náà lórúkọ, ìdókòwò ni, ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ ṣírò ẹ̀ bí ìdókòwò láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gbé ibẹ̀ lóòótọ́ kó wo bí ọkọ̀ ojú irin ṣe rí, Red Line láti Agbado dé Oyingbo ti ń gbé èrò láti October 2024, ilẹ̀ tó sún mọ́ ibùdókọ̀ ẹ̀ àti èyí tó jìn sí i kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹ lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ Monday láàárọ̀ ní aago mẹ́fà, ẹ má lọ ní Sunday.

Ọ̀rọ̀ kékeré kan nípa ìwé: orúkọ tọkọtaya méjèèjì ni kẹ́ ẹ kọ síbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n má ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 9: Ẹ padà lọ bá lánlọ́ọ̀dù

Ó yẹ kí n fi èyí ṣe ìgbésẹ̀ kìíní, a kàn gbàgbé ni, inú ti ń bí wa. Òfin rẹ́ǹtì Èkó ti 2011, ayálégbé tó ń san ọdọọdún, oṣù mẹ́fà ni nótíìsì ẹ̀, lánlọ́ọ̀dù ò lè ní kẹ́ ẹ jáde lọ́la torí ẹ ò gba owó tuntun, bẹ́ẹ̀ sì ni kò gbọ́dọ̀ gbà ju owó ọdún kan lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lọ́wọ́ yín. Òfin yẹn ò kan Apapa, Ìkẹjà GRA, Ìkòyí àti Victoria Island, ẹni tó bá wà níbẹ̀ kó lọ fẹ̀sọ̀ bẹ̀bẹ̀. Ẹ má lọ fi òfin na lánlọ́ọ̀dù o, ẹ kàn mọ̀ ọ́n lọ́kàn.

Kẹ́ ẹ gba ríséètì rẹ́ǹtì yín pẹ̀lú, torí láti January 2026, òfin owó orí tuntun ń yọ 20% rẹ́ǹtì tẹ́ ẹ san kúrò nínú owó tí wọ́n máa gba owó orí lé lórí, àmọ́ ohun tí wọ́n máa yọ ò ní ju 500,000 lọ. Ẹni tó ń san 1.6 mílíọ̀nù, 320,000 nìyẹn. Kò sí ríséètì, kò sí ìyọkúrò.

Èmi lọ ní ọjọ́ Sunday lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, mo dọ̀bálẹ̀ fún bàbá, mo mú ríséètì páìpù tí mo tún ṣe àti ti ẹ̀rọ omi dání, mo ní ọdún méje ni mo ti lò níbí, mi ò jẹ gbèsè rí, ẹ jẹ́ kí n san 1.2. Bàbá ní kò ṣe é ṣe, sìmẹ́ńtì ti wọ́n. Mo ní mo mọ̀ bàbá, èmi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ béèrè owó ẹ̀ ni. Wọ́n wò mí, wọ́n ní "O fẹ́ kọ́lé ni?" Mo ní a ṣì ń ṣírò ẹ̀. A dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ń wo bọ́ọ̀lù lórí tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n wá ní kí n lọ mú 1.35 wá, kí n má sọ fún àwọn tó ń gbé lókè. Nígbà tí mo délé mo ṣí ìwé olójú-ewé ogójì yẹn, mo fi 1.35 pín 48, ó lé ní 35. Ìyàwó mi ní ká fi ìwé yẹn pa mọ́ títí di January, ká tún un pín nígbà yẹn, ó sì ní kí n gbàgbé bátìrì ínfátà kejì tí mò ń wò lórí fóònù.